Ẹ Má Jẹ́ Kí Ilẹ̀kùn Ayé Tì Mọ́ Ọmọ Tálákà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè kìn-ín-ní ní yunifásítì ni wọ́n tún ń padà lọ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1961, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ni a dá ilé ìwádìí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, tí a mọ̀ sí NIIA, sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1977 ni yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣáájú èyí pàápàá, Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó ti jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé láti ọdún 1962 títí di ọdún 1967. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, òun ni Àjọ náà fi ṣe olórí UNITAR, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń kọ́ṣẹ́.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ònkàwé wa lónìí ni èyí: nígbà tí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí oyè kejì náà tán, ọ̀nà wo ni ó wà fún un, ọmọ ta sì ni ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún?

Àwa gbà pé ọ̀nà wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UN, máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì, àti àwọn tí wọ́n wà ní ọdún tí wọn yóò ṣe àṣekágbá oyè kìn-ín-ní, àti àwọn tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n jáde, láti wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù méjì sí oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ báyìí ti mọ bí a ti ń kọ ìwé iṣẹ́ níbẹ̀, ó ti mọ àwọn àgbà òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì mọ́ nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kì í sọ fún òbí ọmọ. Olú ilé iṣẹ́ UN kì í san kọ́bọ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé, owó oúnjẹ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò wá a. New York àti Geneva ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sì wà, ìlú méjì tí ọjà wọn wà lára èyí tí ó wọ́n jù ní gbogbo ayé.

Ní ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ New Zealand tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní Geneva pa àgọ́ kékeré, ó ń sùn sínú rẹ̀, ó sì ń ti ibẹ̀ múra lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn ìwé ìròhìn kárí ayé gbé e. Òun fúnra rẹ̀ wí lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ayé lè rí ìyà tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Bí ọmọ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ bá ń sùn nínú àgọ́, kí ni kí ọmọ Ìsẹ́yìn tàbí ọmọ Ìkàrẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí olùkọ́ ti ń ṣírò lójú pátákó. Ká ní ọmọ náà ń ná 2,000 dọ́là ní oṣù kan, èyí tí kò tó nǹkan ní New York. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, oṣù kan ṣoṣo yóò jẹ 3,000,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù, tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ ní ọdún 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Bàbá tí ó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta àbọ̀ lọ, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, kí ó tó lè rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan. Nítorí náà, ọmọ ẹni tí ó ti ní dọ́là nílé tẹ́lẹ̀ ni ó ń lọ. Ọpọlọ kọ́ ni a fi ń ṣe àṣàyàn níbẹ̀. Àpò baba ni.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó. Àwa náà mọ àṣà ìkọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí lọ́dọ̀ aránṣọ lè máà gba owó oṣù, ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ni ó ń sùn, inú ìkòkò ọ̀gá ni oúnjẹ rẹ̀ sì ti ń wá. A kò tíì gbọ́ ti ọ̀gá tí yóò mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wá láti ìlú òkèèrè tí yóò sì ní kí ó lọ wá ibi tí yóò sùn. Àwọn ẹ̀ka UN mìíràn sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí a bọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ILO, àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́, ń fún tirẹ̀ ní owó; Àjọ Ìlera Àgbáyé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020.

Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀ Oòrùn kò pọ̀. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya owó oúnjẹ àti owó ilé sọ́tọ̀ fún ọmọ márùn-ún péré lọ́dọọdún, ọmọ tí UN tàbí àjọ mìíràn bá ti gbà láti wá kọ́ṣẹ́. Ọgbọ̀n ọmọ ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Àjọ DAWN, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà jọ dá sílẹ̀ sí Ìbàdàn, lè ṣe kòkáárí rẹ̀. Kí a fi ìdánwò yàn wọ́n, kí a sì tẹ orúkọ àwọn tí ó yege jáde pẹ̀lú máàkì wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń kà wá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín: bí a bá fi káàdì ẹgbẹ́ pín àǹfààní yìí, ọmọ àwọn alága ni yóò gbà á tán, ọmọ ẹ̀yin tí ẹ ń jó nínú oòrùn ní ọjọ́ ìpolongo kò ní rí nǹkan kan mú.

Ọ̀ràn àwọn àpérò náà ń kọ wá lóminú. Àwọn tòótọ́ wà. Àpéjọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe bí ẹni pé àwọn ni aṣojú orílẹ̀-èdè ní UN dára púpọ̀, nítorí ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń jiyàn láìbínú àti bí a ti ń kọ ìpinnu tí ọ̀tá ẹni lè fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn ń wá tí ó ń wí fún ọmọ pé a ti yàn án gẹ́gẹ́ bí aṣojú ọ̀dọ́ Nàìjíríà, kí ó kàn san owó ìforúkọsílẹ̀ ní dọ́là. A mọ̀ pé àwọn òbí ti ta ilẹ̀ nítorí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. UN ti kìlọ̀ pé òun kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ì báà ṣe nígbà tí ó kọ̀wé, tàbí nígbà tí a pè é fún ìbéèrè, tàbí nígbà tí ó ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń béèrè owó iṣẹ́ ní orúkọ UN, olè ni.

Ọ̀ràn tí ó gún wa lọ́kàn jù lọ ni ti èdè. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni a fi ń ṣiṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ UN. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni èdè ECOWAS, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà, èyíinì ni Benin, Niger, Chad àti Cameroon, gbogbo wọn ni wọ́n ti gbé èdè Faransé wọ ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó pín wọn níyà. Lónìí, ọmọ Kétu tí ó kàwé ní Yorùbá àti Faransé lẹ́nu. Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó di mẹ́ta. Ọmọ Ìmẹ̀kọ gba oyè kejì tán, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní láti fi wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Cotonou kò sì tó ìrìn ọjọ́ kan sí i. (Ti Yorùbá tí ń ti ẹnu àwọn ọmọ mìíràn lọ, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. Abúlé èdè Faransé ti wà ní Àgbádárìgì láti ọdún 1991, ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1998 sì sọ pé Faransé ni yóò jẹ́ èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìwé náà wà. Ẹ wọ ilé ìwé girama mẹ́wàá kí ẹ ka iye olùkọ́ Faransé tí ẹ bá níbẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ilẹ̀kùn òkè òkun kò fẹ̀ bí ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà ti USAID pa, àjọ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń rí iṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni António Guterres bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín owó àti iye òṣìṣẹ́ UN kù. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ń rí sí òwò láàárín gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà wà ní Accra. Báńkì ECOWAS àti ọ́fíìsì UN lórí àlàáfíà àti ìdínkù ohun ìjà ní Áfíríkà wà ní Lomé. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà ní Abidjan. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ olùyọ̀ǹda, tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, fún ẹni ọdún 18 sí 35: ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rí owó tí wọn yóò fi jẹun gbà. Ọmọ tí kò ní baba ọlọ́rọ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní ẹjọ́ láti rò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pe àwọn aṣojú Nàìjíríà ní òkè òkun padà sílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn; ó sì ju ọdún méjì lọ kí orúkọ àwọn tuntun tó dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní ìparí ọdún 2025. Ilé tí kò ní baálé kì í ráyè kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní báyìí, kí a kéde àyè iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè nínú ìwé ìròhìn, kí a sì sọ iye àyè tí ó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, dípò kí ọmọ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ní ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ Technical Aid Corps, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ń rán olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific fún ọdún méjì. Ẹ̀yin pàápàá lè lọ. Èkejì ni pé kí ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìdí-Ìrókò, ní Ṣakí, ní Ìmẹ̀kọ, ẹ pe olùkọ́ kan láti òdì kejì ààlà wá ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Kí ẹ̀yin náà máa kọ́ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò gba dọ́là.

Nígbà tí àwọn gómìnà bá tún gbé ètò ìnáwó wọn lọ síwájú àwọn aṣòfin, a ó ṣí i ní ojú ewé ètò ẹ̀kọ́, a ó sì wo bóyá owó ọgbọ̀n ọmọ náà wà níbẹ̀.