Àáró Orí Ayélujára: Ẹ Bá Wa Kí Àwọn Ọmọ Masakhane

Nígbà tí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Èkó, aago kan péré ni ní Dakar, ó ti di aago mẹ́ta ní Kigali, ó sì ti di mẹ́rin ní Nairobi. Igbó ń bẹ láàárín, odò ń bẹ láàárín, ibodè ń bẹ láàárín. Síbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn kan wà káàkiri ilẹ̀ wọ̀nyí tí wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ bí ẹni tó jókòó sórí ẹní kan náà.

Masakhane lorúkọ wọn. Èdè Súlù ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ‘a jọ ń kọ́ ọ’. Ilé kí ni wọ́n jọ ń kọ́? Ilé tí èdè ilẹ̀ Áfíríkà yóò máa gbé nínú kọ̀ǹpútà ni, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ Yorùbá bó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó gbọ́ Háúsá, kó gbọ́ Igbo, kó gbọ́ Wolof, kó gbọ́ Swahili.

A ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó dùn mọ́ wa nínú, a kò sì ní í gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó. Èdè tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ Áfíríkà ju 2,000 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí kọ̀ǹpútà gbọ́ dáadáa nínú wọn kò tó nǹkan. Ẹ gbé Yorùbá tiwa yẹ̀ wò. Oko ni à ń ro, ọkọ ni ìyàwó ń kí káàbọ̀, ọkọ́ ni àgbẹ̀ ń gbé kọ́ èjìká, ọkọ̀ ni èrò ń wọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó gbọ́ Yorùbá kò ní í ṣì wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, tí wọ́n ń kọ̀wé fún láìsí àmì lórí, láìsí àmì nídìí, á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ta ni yóò wá kọ́ ọ?

Ní ọdún 2019, àwọn obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní Gúúsù Áfíríkà, Jade Abbott àti Laura Martinus, pe ìpè kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pé jọ láti gbogbo Áfíríkà sí Nairobi fún ìpàdé Deep Learning Indaba, ibẹ̀ ni ìpè náà ti ta sí ọ̀pọ̀ etí. Akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn, olùkọ́ dáhùn, atúmọ̀ èdè dáhùn, oníṣẹ́ ẹ̀rọ dáhùn. Kò sí ọ́fíìsì. Kò sí géètì, kò sí máígadì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí owó oṣù. Kálukú wà níbi tó wà, kálukú ń fi dátà ara rẹ̀ wọlé.

Kí ló wá so wọ́n pọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé sọ ọ́. Àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àáró. Ọ̀wẹ̀ ni kí èèyàn pe ará àti ọ̀rẹ́ wá ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ kan, kó sè, kó bọ́ wọn, kí wọ́n túká. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àáró ni kí n wá sí oko rẹ lónìí, kí o wá sí tèmi lọ́túnla, kó yí kárí, kó má ku oko ẹnì kan. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ìbéèrè kan ló kù: oko ta ló kàn?

Àáró ni Masakhane, àáró gidi, àáró orí ayélujára. Bí wọ́n bá ro oko Yorùbá lónìí, wọ́n á ro oko Luganda lọ́la, wọ́n á ro ti Igbo lọ́túnla. Ẹni tó kọ́ ọgbọ́n lórí èdè tirẹ̀ kì í fi ọgbọ́n náà sápò. Oko ẹnìkejì ló ń gbé e lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí a yìn wọ́n fún nìyí: wọ́n fún ẹni tí kò ní ọkọ́ ní ọkọ́. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ní kọ̀ǹpútà olówó gọbọi. Wọ́n to iṣẹ́ sílẹ̀ ní títò tó ti ṣe tán, wọ́n gbé e sórí Google Colab, níbi tí Google ti ń yá èèyàn ní ẹ̀rọ alágbára lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo láptọ́ọ̀pù àlòkù á ṣí i, á fi èdè abínibí rẹ̀ sí i, á máa tẹ̀lé àlàyé inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, títí ẹ̀rọ yóò fi túmọ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́. Kò sí pé ó ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń wo ojú àwọn ògbóǹtarìgì. Ọjọ́ tó dé náà ló ti di ọmọ oko.

Ohun kejì ni ìpàdé wọn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí: ẹnì kan ń bèèrè pé ‘ṣé ẹ ń gbọ́ mi?’, iná lọ níbì kan, dátà tán níbòmíràn, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ẹnu nìkan, iná tó lọ lẹ́ẹ̀kan á gé e sí méjì. Àwọn wọ̀nyí ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lójoojúmọ́, orí Slack ló wà. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, wọ́n ń gbé e sórí GitHub kí tọ́mọdé tàgbà rí i. Ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ lónìí á kà á lọ́la, kò ní í di àjèjì nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló wú wa lórí jù: wọn kò fi oyè ìwé díwọ̀n èèyàn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí ná: ‘Ayọ̀ dé.’ Ṣé inú dídùn ló dé ni, àbí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀ ló ti ìrìn àjò bọ̀? Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ jù lọ, bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní ìyàtọ̀ náà. Onímọ̀ nílò elédè, elédè nílò onímọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Bí wọ́n ṣe pe àwọn tó gbọ́ èdè wá nìyẹn, tí wọ́n sì fún wọn láyè tó tó àyè. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní MasakhaNER, tó jáde ní 2021, wọ́n ka ìròyìn ní èdè mẹ́wàá ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń fi ọwọ́ sàmì sí orúkọ èèyàn, orúkọ ibi, orúkọ àjọ àti ọjọ́, gbólóhùn dé gbólóhùn. Yorùbá wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀, Háúsá wà níbẹ̀, pijin Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ní 2022, èdè mẹ́wàá ti di ogún. Iṣẹ́ sùúrù ni. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé irú ẹrù yẹn dórí.

Wọ́n tún rí àléébù kan, wọn kò sì fi bò. Ìwé tó pọ̀ jù tí wọ́n rí fi kọ́ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀, ìwé ẹ̀sìn ni. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ka ìwé ẹ̀sìn nìkan á máa sọ̀rọ̀ bí oníwàásù láàárín ọjà! Ni wọ́n bá tún gbé ọkọ́. Wọ́n túmọ̀ ìròyìn sí oríṣiríṣi èdè Áfíríkà, nígbà tí ìwádìí wọn lórí rẹ̀ sì jáde ní 2022, ó hàn pé ẹgbẹ̀rún mélòó kan gbólóhùn tí ọwọ́ èèyàn túmọ̀ dáadáa lè mú ẹ̀rọ rìn jìnnà gan-an. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó dára, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ dá jọ: ṣebí bí ebè àáró ti ń pọ̀ nìyẹn.

Ìdánwò kò ṣàì dé bá wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí físà ti ń dá àwọn onímọ̀ Áfíríkà dúró. Ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó wáyé ní Kánádà ní 2018 àti 2019, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ni kò rí físà gbà. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé ICLR, ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé tó lókìkí jù nínú ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, yóò wáyé ní Addis Ababa ní oṣù kẹrin ọdún 2020, a lè mọ bí inú wọn yóò ti dùn tó. Kòrónà bá dé, ó ti ilẹ̀kùn ayé pa. Ìpàdé Addis Ababa di ti orí ẹ̀rọ.

Lákòókò tí ọ̀gá púpọ̀ ń sáré sókè sódò, tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa rí ọmọọṣẹ́ wọn mọ́, àwọn ọmọ Masakhane ti ń rin ọ̀nà yẹn bọ̀. Ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè Áfíríkà, AfricaNLP, tó yẹ kó wáyé ní Addis, wọ́n ṣe é lórí ẹ̀rọ, wọn kò sì gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kó èrè oko jáde: ìwé ìwádìí lórí ìtumọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Áfíríkà tó ju 30 lọ. Àwọn tó kọ ọ́ ju 40 lọ. Orúkọ ta ni kó ṣáájú? Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́, ẹ mọ irú ìjà tí ìbéèrè yìí ń dá sílẹ̀! Láàárín àwọn onímọ̀, orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé ni gbogbo ojú ń lọ bá.

Àmì kan ni wọ́n fi síwájú gbogbo orúkọ wọn: ∀, lẹ́tà A tí a dorí rẹ̀ kodò, èyí tí àwọn oníṣirò fi ń sọ pé ‘gbogbo’. Gbogbo wa la ro ó, gbogbo wa la kórè rẹ̀! Ní 2021, Wikimedia Foundation, àjọ tó ń gbé Wikipedia ró, fún ìwé náà ní ẹ̀bùn ìwádìí ti ọdún náà.

Ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn níbẹ̀. David Ifeoluwa Adelani, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Yunifásítì Saarland ní Jámánì nígbà náà, ló ṣáájú iṣẹ́ MasakhaNER. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nílé àti lẹ́yìn odi, tún kó MENYO-20k jọ ní 2021: gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó ti inú ìròyìn, ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu jáde. Ẹni tó ti fi àmì ohùn sí ojú ewé Yorùbá kan ṣoṣo rí lórí kọ̀ǹpútà, tó wá gbọ́ 20,100, yóò mọ̀ pé kí á kí wọn kú iṣẹ́ nìkan kò tó. Kí á kí wọn kú àìsùn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń ti ilé ṣiṣẹ́, ẹ̀yin alága tí ọmọ ẹgbẹ́ yín fọ́n ká láti Ìlọrin dé London, ẹ wá wo àwòkọ́ṣe. Ṣíṣọ́ òṣìṣẹ́ lójú ẹ̀rọ, bóyá ó ti dìde lórí àga, kò so ẹnikẹ́ni pọ̀ rí. Ẹ fún àlejò ní ọkọ́ lọ́jọ́ tó dé. Ẹ dá ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè bá a. Bí ẹ ti pín iṣẹ́ kárí, ẹ pín iyì náà kárí. Ẹni tó mọ̀ pé àáró ń bọ̀ wá kan oko òun, kò sí ẹni tí yóò jí i kó tó jáde lọ sí oko ẹlòmíràn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ICLR padà wá sílẹ̀ Áfíríkà. Kigali ló wá, AfricaNLP sì bá a wá. Ẹ bá wa fojú inú wo ọjọ́ náà: ẹni tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú ẹ̀rọ bọ̀ wá dúró níwájú wọn lójúkojú. ‘Háà, ṣé ẹ̀yin nìyí? Àṣé ẹ ga tó báyìí!’ Ẹni tó bá ti bá ọ ro oko rí, bó o bá kọ́kọ́ fojú rí i, kì í ṣe àlejò.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ Masakhane. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìnáwó dátà. Ọwọ́ yín kò ní í rọ, ojú yín kò ní í ṣú, èdè tí ẹ bu iyì fún yóò bu iyì fún yín.

Àwa tó kù náà, ẹ má jẹ́ ká dúró lẹ́bàá ọ̀nà máa pàtẹ́wọ́ nìkan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó lè fi àmì sí i, ti ní ọkọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Oòrùn kò tí ì wọ̀. Oko ta ló kàn?