Iná Kò Lè Jó Ọ̀rá Kúrò Lójú Áyọ́ọ̀nù

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Anthony, ohun kan wà tí ojúlé kan ń kọ́ ojúlé kejì, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀: pé bí ọ̀rá bá yọ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù, ká yí ooru rẹ̀ dé òpin, kí iná jó o dànù, ká wá fi ọ̀bẹ ha ìyókù. Irọ́ gbuu ni. Ó ń ba áyọ́ọ̀nù jẹ́, ó sì ń kó èéfín sí àyà àwọn ọmọ wa.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú iná dé lóru, kálukú sáré gbé aṣọ ibiṣẹ́ jáde, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Etí ọ̀rá kan áyọ́ọ̀nù, ó súnkì, ó kákò, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ojú irin. Òórùn gba yàrá kan. Ẹnìkan á sì pariwo pé, "Yí i sókè sí i!"

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di aṣọ, òun náà tí wọ́n fi ń ṣe ti píọ́ wọ́tà, polythene ni, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ICI kọ́kọ́ rí ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933. Irú èyí tó rọ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C, díẹ̀ ló fi gbóná ju omi tó ń hó. Áyọ́ọ̀nù tí a yí dé ibi aṣọ òwú máa ń gbóná tó nǹkan bí 200°C. Ṣùgbọ́n kí polythene tó tú ká pátápátá, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá 350°C dáadáa. Áyọ́ọ̀nù ilé wa kì í débẹ̀. Ẹni tó ń retí pé iná máa jó o tán, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló ń retí. Ńṣe ni ọ̀rá náà ń ṣàn wọ inú àwọn ihò tí ooru omi ń gbà jáde, tó ń sun, tó ń di èépá, tó ń rú èéfín tó ń ta ojú àti ọ̀fun. Nínú yàrá olójú fèrèsé kan, níbi tí ọmọ ti ń sùn!

Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé áyọ́ọ̀nù náà lé orí gáàsì. Teflon tí wọ́n fi kun ojú ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù òde òní ń bàjẹ́ bí ooru bá ti kọjá 260°C, èéfín rẹ̀ sì ń pa ẹyẹ inú àgò. Bó bá sì jẹ́ PVC ló yọ́, irú èyí tó bo wáyà iná, gáàsì kan ń bá èéfín rẹ̀ jáde tó ń di ásíìdì nínú omi ojú àti ẹ̀dọ̀fóró.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Áyọ́ọ̀nù eléèédú àwọn ìyá wa, irin gidi ni. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi nù ún, ọ̀bẹ kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọn ò ṣe àṣìṣe rárá. Irin tiwọn kọ́ la ní lọ́wọ́ mọ́. Bí ọ̀bẹ bá ha Teflon, ojú rẹ̀ á di ṣákaṣàka, á máa fa òwú léèsì yọ. Ẹ má tún fi asítóònì dán an wò: kì í tú polythene. Bẹ́ńtíróò ńkọ́? Ẹ má dá a láṣà, ilé lẹ fẹ́ sun yẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kó tutù pátápátá. Ẹ di yìnyín sínú ọ̀rá tí kò jò, ẹ gbé e lé ojú irin náà títí ohun tó lẹ̀ á fi le gan-gan. Ẹ wá fi etí ọmọrogùn tàbí káàdì ATM àtijọ́ hú u; èyí tó nípọn á ṣí kúrò. Fún ìyókù tó fẹ́lẹ́, ẹ tún ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó lọ́wọ́ọ́rọ́ títí ọ̀rá á fi rọ̀, ẹ yọ wáyà, kẹ́ ẹ tó fà á lórí aṣọ òwú tó nípọn. Bó bá tutù, ẹ po baking soda mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi àkísà rírọ̀ nù ún. Bó bá ti wọ ihò, igi ìtayín ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí kò bá jáde, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún nǹkan iná ṣe.