Àwo Sàárà Kì Í Ṣe Ilé-Ẹ̀kọ́

 

Ẹ̀sùn kan wà tí ó ti di àgbọ́túngbọ́ láàrin àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ń fi ilé-ẹ̀kọ́ adití àti afọ́jú fa ọmọ Mùsùlùmí wọ ẹ̀sìn tiwọn. Wọ́n ní ọmọ tí ó jáde nílé ní Mùsùlùmí a padà dé ní àkókò ìsinmi, a sì máa ṣe àdúrà Kìrìsìtẹ́nì nídìí oúnjẹ. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi wòlímọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ níbi wáàsí, tìbínú-tìbínú ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn olùfisùn wọ̀nyí kì í dúró dáhùn: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́, tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí, tí ọmọ náà kọ̀ láti lọ?

Kí ènìyàn tó bínú, ó yẹ kí ó mọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni àwọn ajíhìnrere Sudan United Mission dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, ní apá ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Plateau lónìí. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó. Ní Sùúrùlérè kan náà ni Wesley wà fún àwọn adití, orúkọ tí ó ń jẹ́ sì tó láti fi ibi tí ó ti ṣẹ̀ hàn.

Ní ti Ìbàdàn, ìtàn ọkùnrin kan wà tí ó yẹ kí ojú ti gbogbo onígbàgbọ́ òdodo bí ó bá gbọ́ ọ. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn di etí rẹ̀. Ó kàwé títí ó fi gboyè ní 1954 ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní 1957 ó ti wà ní Ghana. Ní 1960 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí kò gbọ́ ìró kankan, ilẹ̀ tí ó wá kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30 kí ọkọ̀ òfuurufú tó já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní oṣù Disẹ́ḿbà 1987. Ajíhìnrere ni, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú èdè ọwọ́ tí ó mú wá láti Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá fẹ́ pe Jésù, yóò fi ìka àárín ọwọ́ kan kan àtẹ́lẹwọ́ kejì, yóò sì tún fi ti èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Àpá ìṣó ni àmì náà ń tọ́ka sí. Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ ohun tí Àlùkùránì sọ nípa ọ̀rọ̀ kíkàn mọ́ àgbélébùú. Ṣùgbọ́n ọmọ Mùsùlùmí tí ó jẹ́ adití lè mọ àpá ìṣó yìí fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó mọ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ pe Ànábì Muhammad, nítorí kò sí ẹni tí ó fi hàn án. Ta ni ẹ̀bi yìí tọ́ sí? Ṣé ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní ohun tí òun gbàgbọ́ ni, tàbí ẹni tí kò kọ́ ọ ní ohunkóhun?

Ìgbà kan wà tí àwọn Mùsùlùmí mọ èsì irú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ni ọmọ wọn ń lọ, tí orúkọ àti ẹ̀sìn ọmọ sì ń yí padà lọ́wọ́ olùkọ́, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó kó ara wọn jọ ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ẹ̀sùn kan ìjọ lónìí, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ A, B, D. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ adití tàbí ti afọ́jú, orúkọ Mùsùlùmí kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu.

Kí ni Mùsùlùmí wá pèsè? Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dúró sí ẹnu-ọ̀nà mọ́sálásí ńlá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Yóò rí afọ́jú pẹ̀lú àwo, yóò sì rí ọmọ kékeré tí ó di ìdí ọ̀pá rẹ̀ mú tí ó ń fà á kiri. Ojú ẹni kan ni ó fọ́, ẹni méjì ni kò mọ̀wé. Àwọn tí ń jáde a ju náírà díẹ̀ sínú àwo, wọn a gba àdúrà, wọn a sì wọ mọ́tò lọ. Ó ti di pé ẹni tí ń wá láádá nílò afọ́jú ní ẹnu-ọ̀nà ju bí afọ́jú ti nílò owó rẹ̀ lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ ń fi fíqhi gbe ìwà yìí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gbé kálàmù kúrò lórí adití, nítorí náà kí ni ó fẹ́ fi ìmọ̀ ṣe? Hadíìsì tí wọ́n ń tọ́ka sí dárúkọ ẹni mẹ́ta: ẹni tí ń sùn, ọmọdé, àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kò sí adití níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí ìpè kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àwáwí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kí ni àwáwí ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ìpè dé, tí ó jókòó? Àwọn onímọ̀ fíqhi gbà pé àmì ọwọ́ odi tí ó bá yéni dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìjọba Ottoman kọ ọ́ sínú ìwé òfin Majalla ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abala 70. Bí àmì ọwọ́ bá tó so yìgì, báwo ni kò ṣe ní í tó kọ́ ìrun?

Ní ti afọ́jú, ẹni tí ó bá ti ka Sùúrátù 'Abasa kò tún yẹ kí ó ní ìbéèrè. Abdullah ọmọ Ummu Maktum wá ìmọ̀ wá nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kùráíṣì sọ̀rọ̀, Ọlọ́hun sì sọ̀kalẹ̀ ọ̀rọ̀ nítorí afọ́jú náà. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà, Ànábì a sì máa fi í ṣe adelé ìlú bí ó bá rin ìrìn-àjò. Ní Al-Azhar ní Káírò, wọ́n kọ́ ibi kan fún àwọn afọ́jú tí ń kọ́ ìmọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣáájú kí ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Valentin Haüy tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1785. Afọ́jú ni Taha Hussein tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Al-Azhar, tí ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Íjíbítì ní 1950. Afọ́jú ni Sheikh Abdulaziz ibn Baz tí ó jẹ́ Mùftí Àgbà Saudi Arabia láti 1993 títí ó fi jáde láyé ní 1999. Ta ni ó kọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá pé àwo ni ìpín afọ́jú?

Àwọn mìíràn ní ilé-kéwú àdúgbò ti tó. Kò tó. Adití kan ṣoṣo lè wà ní odidi abúlé, èdè ọwọ́ kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá sọ. Ọmọ ní láti rí ojúgbà tí yóò máa bá a sọ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó tó dàgbà jù. Afọ́jú ní láti kọ́ bí wọ́n ti ń fi ìka ka àmì kókó mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní braille, bí wọ́n ti ń fi ọ̀pá funfun rìn, bí wọ́n ti ń fọ aṣọ, bí wọ́n ti ń dáná láìjóná. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí ọmọ ń gbé. Braille fúnra rẹ̀, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ti jáde: ọmọ ọdún 10 ni Louis Braille nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú ní Paris ní 1819, ọmọ ọdún 15 sì ni nígbà tí ó ti to àwọn àmì náà. Àlùkùránì ti wà ní braille lónìí. (Láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Lárúbáwá, ó máa ń ya àwọn àfáà lẹ́nu.) Ta ni yóò kọ́ ọmọ Ìwó tàbí ọmọ Ìsẹ́yìn bí wọ́n ti ń kà á?

Kì í ṣe pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní àléébù. Òbí tí ó bá fi ọmọ síbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ àmì ọwọ́ kan, àlejò ni yóò máa gbà ní àkókò ìsinmi. Nítorí náà, ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Bí wọ́n bá ní ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe é, ìjọba dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Ọ̀yọ́ kò sì jìnnà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin kì í ní ibùsùn.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fọwọ́ sí kí ènìyàn fi sàká kọ́ ilé, nítorí ẹni tí sàká tọ́ sí gbọ́dọ̀ rí i gbà sí ọwọ́. Kò burú. Kí wàkáfù àti sàárà kọ́ ilé, kí sàká sì bọ́ ọmọ tálákà tí ń gbé inú rẹ̀, kí ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti lọ sí Mẹ́kà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀ranyàn rẹ̀. Kí ó wo iye tí mẹ́ta yòókù jẹ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé ibùsùn mélòó ni ìbá rà. Mọ́sálásí kẹta ní òpópónà kan náà, ìrun wo ni kò rí ààyè nínú méjì àkọ́kọ́?

Kí ilé tó dúró, ohun kan wà tí kò gba owó. Ní Jímọ̀ tí ń bọ̀, kí lèmọ́mù kọ̀ọ̀kan bi jámáà rẹ̀ pé ta ni ó ní ọmọ adití tàbí afọ́jú nílé, kí ó sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò ọmọ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí aládùúgbò kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Bí àkọsílẹ̀ mọ́sálásí mẹ́wàá bá pàdé lórí tábìlì kan, ìgbìmọ̀ yóò mọ iye ibùsùn tí wọ́n ń wá.