Ìràwé ń bọ́ ní Johannesburg, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í rí i jẹ: Kí ni èyí kọ́ Èkó àti Ìbàdàn?

Láti oṣù Karùn-ún ọdọọdún, nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní ìlú Johannesburg, ìràwé máa ń bo ojú títì ní àwọn àdúgbò bíi Saxonwold àti Parkview. Àwọn onílé a gbá a jọ, wọn a dì í sínú àpò ọ̀rá, ọkọ̀ akólẹ̀ a sì gbé e lọ. Ojú títì a mọ́ tónítóní. Àmọ́ oúnjẹ tí igi ìbá jẹ lọ́dún tó ń bọ̀ ló wà nínú àpò tí ọkọ̀ náà gbé lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ní báyìí, ìjọba ìlú náà kò lè gbójú fò ó mọ́. Àkìtàn ńláńlá tí iléeṣẹ́ akólẹ̀ ìlú náà, Pikitup, ń lò ti ń kún lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò kan tó wá láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ń pa igi ìlú náà. Ọ̀nà tí Johannesburg bá gbà yanjú ìṣòro méjèèjì ni yóò sọ bóyá ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì lè gbé igi ró fún ìran tó ń bọ̀.

Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń bọ́ igi, tí igi sì ń bọ́ ilẹ̀?

Nínú igbó tí ènìyàn kò tíì fọwọ́ kàn, díẹ̀ ni ohun tó ń ṣòfò. Igi a fi gbòǹgbò fa náítírójìn, fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì, pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù láti inú ilẹ̀, a sì fi wọ́n ṣe ewé, ẹ̀ka àti èso. Nígbà tí ewé bá gbó, a bọ́ sílẹ̀. Ekòló, ikán, olú àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí a jẹ ẹ́, a jẹrà, a sì di ilẹ̀dú. Gbòǹgbò a tún fa èròjà wọ̀nyí padà sókè. Àyípoyípo yìí ni kò jẹ́ kí igbó nílò ajílẹ̀ tí a ń fowó rà.

Ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ wáyé ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ní Kade, onímọ̀ nípa ilẹ̀, Peter Nye, wọn ìràwé tó ń bọ́ nínú igbó, ó sì rí i pé ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Náítírójìn inú rẹ̀ súnmọ́ kílógíráàmù 200. Nínú ìwé tí òun àti Dennis Greenland tẹ̀ jáde ní 1960, wọ́n ṣàlàyé ìdí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru fi ń fi oko sílẹ̀ kó sinmi: igbó tó bá hù padà ló ń kó èròjà jọ fún ohun ọ̀gbìn ọjọ́ iwájú. Àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́ kí ìwé náà tó jáde.

Ìlú tí wọ́n gbin igbó sórí ọ̀dàn

Johannesburg kò sí nínú ẹkùn igbó. Orí ilẹ̀ gíga tí wọ́n ń pè ní Highveld ló wà, ní nǹkan bíi mítà 1,750 sókè ojú òkun. Kí wọ́n tó rí wúrà níbẹ̀ ní 1886, ọ̀dàn koríko ló gba agbègbè náà. Koríko ọ̀dàn ní ọgbọ́n tirẹ̀: abẹ́ ilẹ̀, nínú gbòǹgbò, ló ń kó èyí tó pọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà rí i jó. Nígbà tí iná bá jó o, púpọ̀ nínú náítírójìn ara ewé rẹ̀ a bá èéfín lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì àti kálísíọ̀mù a kù sínú eérú.

Àwọn awakùsà nílò igi tí wọn yóò fi gbé òrùlé ihò wúrà ró, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbin igi eucalyptus àti àwọn igi àjèjì mìíràn. Saxonwold òní jẹ́ apá kan oko igi Sachsenwald ayé ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbin igi plane, oak àti jacaranda sí àwọn àdúgbò olówó. Lónìí, wọ́n máa ń sọ pé igi ìlú náà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Gbogbo ará ìlú kọ́ ló pín nínú òjìji náà. Àwọn àdúgbò ìhà àríwá, tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun, ló ní igi jù. Soweto kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Kí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010 tó wáyé ni ìjọba ìlú náà gbé ètò kalẹ̀ láti gbin igi 200,000 sí Soweto.

Igi tó dúró lẹ́bàá títì, tí kọ́ńkéré yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, kò ní ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ mìíràn ju ìràwé ara rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé igi máa ń fa apá kan náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì padà sínú ẹ̀ka kí ewé tó bọ́. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù kì í padà. Inú ewé ló ń bá a lọ. Tí a bá ń kó ìràwé lọ lọ́dọọdún, ńṣe ni a ń gbowó nínú àpò ilẹ̀ láìdá a padà.

Kòkòrò kékeré, ọ̀ràn ńlá

Ní 2017, àwọn onímọ̀ dá kòkòrò tí wọ́n ń pè ní polyphagous shot hole borer mọ̀ nínú ọgbà ewéko ìjọba ní Pietermaritzburg. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i ní Johannesburg. Kò gùn ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ. Kì í jẹ igi fúnra rẹ̀. Ihò ló ń lu sínú igi, a sì máa gbin irú olú kan síbẹ̀ tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ. Olú náà ló ń dí ọ̀nà tí omi àti èròjà ń gbà gun igi, tí ẹ̀ka fi ń gbẹ. Oak, plane àti maple wà lára àwọn igi tó ń bá jà.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé ọṣẹ́ tí kòkòrò yìí lè ṣe fún South Africa láàárín ọdún mẹ́wàá lè ju dọ́là bílíọ̀nù 18 lọ, àti pé orí àwọn ìjọba ìlú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà yóò já lé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di àdìtú. Igi tó kú yẹ kó jẹrà, kó sì padà sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé igi tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ kúrò ní àdúgbò kan lọ sí òmíràn, àrùn ni wọ́n gbé lọ. Àwọn onímọ̀ gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ igi bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n bò ó tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ajílẹ̀ níbi tí ooru yóò ti pa kòkòrò náà. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀rọ, ilẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Níbo ni ọrọ̀ ilẹ̀ ń gbà lọ?

Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Ti Johannesburg ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ọ́. Ìràwé tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ ìdọ̀tí mìíràn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kì í di ilẹ̀dú tí gbòǹgbò lè jẹ. Gáàsì mẹ́tíẹ́ẹ̀nì tó ń mú kí ayé gbóná ló ń tú jáde.

Ọ̀nà kejì ni omi. Orí òkè tó pín omi níyà ni ìlú náà wà: èyí tó ṣàn sí àríwá ń bá odò Jukskei àti Crocodile lọ sínú Limpopo, èyí tó ṣàn sí gúúsù ń wọ odò Vaal. Oúnjẹ tí àwọn ará ìlú jẹ ń di omi ẹ̀gbin, fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì àti náítírójìn inú rẹ̀ sì ń bá odò dé adágún Hartbeespoort. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ewéko ojú omi tó jọ ojú oró, èyí tó ti ń yọ adágún náà lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí oko ṣe ń pòǹgbẹ èròjà, bẹ́ẹ̀ ni omi ń yó ju bó ṣe yẹ.

Ọ̀nà kẹta gba ojú ọ̀run wá. Èédú ni South Africa fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná rẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ náà sì wà ní Mpumalanga, ní ìlà-oòrùn Johannesburg. Èéfín wọn ń da náítírójìn àti sọ́fọ̀ sílẹ̀ sórí Highveld. Ẹnìkan lè sọ pé ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ náítírójìn láìsí èròjà yòókù ń sọ ilẹ̀ di kíkan, ó ń jẹ́ kí òjò wẹ kálísíọ̀mù lọ, ó sì ń fún ìwọ̀nba irú koríko díẹ̀ ní agbára láti lé àwọn yòókù kúrò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria dájọ́ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ Highveld tako ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè náà. Ìlera ènìyàn ni ẹjọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.

Kí ló kàn wá nílẹ̀ Yorùbá?

Iṣu, gàrí àti ẹ̀fọ́ tí Èkó ń jẹ ń wá láti Ọ̀yọ́, Ògùn àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Èròjà tí wọ́n kó kúrò nínú oko kì í padà síbẹ̀. Àkìtàn Olúṣòsùn àti ọ̀sà ló ń gbà á. Ewéko ojú omi tó ń bá Hartbeespoort jà ti wọ omi Nàìjíríà láti 1984, ó sì ti ń dí ọ̀nà àwọn apẹja wa. Níbi púpọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n máa ń gbá ìràwé jọ kí wọ́n tó sọ iná sí i, náítírójìn rẹ̀ a sì bá èéfín lọ.

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó sinmi. Bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i, ìsinmi náà ń kúrú, àgbẹ̀ sì ní láti ra ajílẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní 2022, tí owó ajílẹ̀ fò sókè káríayé, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ilẹ̀dú ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Gbígbá ìràwé kúrò lójú títì kò burú, nítorí ó lè dí gọ́tà, kí omi òjò sì ya wọ ilé. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni ìbéèrè. Ìpínlẹ̀ Western Cape ní South Africa ti pinnu pé láti 2027, ohun tó lè jẹrà kò gbọdọ̀ dé àkìtàn mọ́. Èyí kò lè rọrùn: ó nílò kí àwọn onílé ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, kí ìjọba ra ẹ̀rọ, kí àgbẹ̀ sì gbà pé ajílẹ̀ ìlú kò ní èérún ọ̀rá àti ìgò nínú.

Ṣùgbọ́n owó tí Johannesburg bá kọ̀ láti ná sórí èyí, yóò ná an sórí àkìtàn tuntun, sórí gígé igi tó kú, àti sórí fífọ adágún. Àwọn àdúgbò tí kò ní igi púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òjìji yóò kọ́kọ́ tán fún. Èkó àti Ìbàdàn ṣì ní àyè láti yan ọ̀nà mìíràn kí àkìtàn tiwọn náà tó kún.