Ewu Tí A Fi Pamọ́ Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Kì Í Ṣe Àṣírí

Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọ tí wọ́n kàwé jáde ní ilé-kéwú wa máa ń wọ yunifásítì. Àwọn kan ń lọ sí Ìlọrin, àwọn mìíràn ń lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ọ̀jọ́ tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí òbí bá ń sin ọmọ rẹ̀ lọ, ohun tí ó máa ń sọ fún un ni pé kí ó mójú tó ìwé rẹ̀, kí ó má ṣe fi ìrun ṣeré, kí ó sì rántí ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan tí òbí kò mọ̀ láti sọ, tí púpọ̀ nínú àwọn aláṣẹ tí wọ́n mọ̀ ọ́n kì í sì í fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni irú ìwà ọ̀daràn tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì àti ní àdúgbò tí ó yí i ká, ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ àti àkókò tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Òun ni àwa fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ ní ọdún yìí.

Bí olè bá wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóru, tàbí tí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ kan ní ọ̀nà tí kò sí iná, tàbí tí wọ́n bá fi ipá bá ọmọbìnrin lò, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde síta, nítorí orúkọ ilé-ìwé. Wọn a pe ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, wọn a tù ú nínú, wọn a ní kí ó fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ẹlòmíràn a gba ọ̀nà kan náà kọjá ní àkókò kan náà. Kò mọ nǹkan kan. Ta ni ó yẹ kí ó sọ fún un?

Àwọn kan ti bá wa jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ẹ̀sìn wa ni ó ní kí á máa bo àṣírí ara wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àléébù ẹni tí ó kọsẹ̀, tí ibi rẹ̀ kò kọjá orí ara rẹ̀, ni a ní kí á bò. Ẹni tí ó bá rí ejò tí ó wọ ilé tí àwọn ènìyàn ń sùn sí, tí ó dákẹ́, tí ó ní àṣírí ni òun ń bò, àṣírí ta ni ó bò, ti ejò ni tàbí ti onílé? Imaamu Nawawi, tí ìwé rẹ̀ Riyadus-Solihin wà lọ́wọ́ gbogbo wa ní ilé-kéwú, ka ìdí mẹ́fà tí ó lè mú kí sísọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn tọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ni láti kìlọ̀ ibi fún àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á bo orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi, kí á bò ó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣe é, àkókò tí wọ́n ṣe é, àti ọgbọ́n tí wọ́n dá tí ó fi bọ́ sí i fún wọn, ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti jìyà irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1986, ní Lehigh University ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ yàrá ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 kan tí à ń pè ní Jeanne Clery, ó fi ipá bá a lò, ó sì pa á. Ìyá àti bàbá tí wọ́n bí i rò pé ibi tí kò séwu ni àwọn fi ọmọ sí. Ilẹ̀kùn ilé tí ó ń gbé jẹ́ irú èyí tí ń ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi páálí há wọn kí ó lè rọrùn fún wọn láti wọlé. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn òbí náà tó mọ̀ pé ìwà ọ̀daràn oníwà ipá 38 ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì náà láàárín ọdún mẹ́ta, tí a kò sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Wọn kò dákẹ́. Wọ́n pe ilé-ìwé lẹ́jọ́, wọ́n fi owó tí wọ́n rí gbà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn aṣòfin fà á títí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní ọdún 1990. Ní ọdún 1998 ni a fi orúkọ ọmọ náà pe òfin yìí. Gbogbo ilé-ìwé gíga tí owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ bá ń wọlé fún ni ó gbọ́dọ̀ kọ iye ìwà ọ̀daràn ọdún mẹ́ta síta ní ọdọọdún, kí ó tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni lè béèrè láti kà. Bí ewu kan bá sì ń bẹ tí ó lè kan àwọn yòókù, dandan ni kí wọ́n kìlọ̀ kí ó tó pẹ́. Ní ọdún 2024, owó ìtanràn mílíọ̀nù 14 dọ́là ni wọ́n bù lé Liberty University nítorí pé ó rú òfin náà.

Kí ó tó pẹ́ yìí gan-an ni ìṣòro. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, ní Virginia Tech, wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní nǹkan bíi aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 26 ni ilé-ìwé tó fi ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Kò pé ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn ìyẹn tí apànìyàn kan náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé mìíràn, ó sì pa 30 sí i. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tún òfin ṣe pé bí ewu tí ó le bá dé, lójú ẹsẹ̀ ni kí a kéde.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé ìgbé Awólọ́wọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ní ọdún 2012, Cynthia Osokogu, tí ó ń kàwé gboyè kejì, wá sí Èkó lọ bá àwọn tí ó pè ní ọ̀rẹ́ lórí Facebook. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac ni wọ́n pa á sí, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn ní ọdún 2017. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Benin ni Uwaila Omozuwa, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin, jókòó sí tí ó ń kàwé nígbà tí wọ́n ká a mọ́ ibẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

A dárúkọ ọmọ yìí tẹ̀lé ti Lehigh nítorí pé irú ìkìlọ̀ kan wà tí ó ti sú wa. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, ìkìlọ̀ tí yóò jáde ni pé kí àwọn ọmọbìnrin má rìn lóru, kí wọ́n wọ aṣọ tí ó bo ara. Àwa kò lòdì sí ìbora, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú yàrá rẹ̀, èkejì wà nídìí ìwé nínú ilé ìjọsìn. Ìkìlọ̀ tí kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ń ṣe ibi àti bí ó ṣe ń ṣe é, ìbáwí lásán ni fún ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi.

Ìkìlọ̀ èké náà sì ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n ké olè lé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lórí. Àwọn ènìyàn dà bò wọ́n, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Kò sí ẹni tí ó dúró láti béèrè. Àwa tí a ti ka Suuratul-Hujurati láti kékeré mọ àṣẹ tí ó wà níbẹ̀ lórí ìròyìn tí a kò tíì wádìí. Síbẹ̀ lórí WhatsApp lónìí, àwa gan-an ni à ń fi ìkìlọ̀ tí kò ní ọjọ́, tí kò ní àdúgbò, tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ránṣẹ́ sí igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí aláṣẹ bá tètè sọ òdodo, irọ́ kì í rí àyè rìn tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́ ni àhesọ ti ń gbilẹ̀.

Nítorí náà àwa ń fẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa gbé àkọsílẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Kí ó sọ iye olè, iye ìfipábánilò, iye ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n má ṣe yọ àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ọgbà sílẹ̀, torí pé ilé ìgbé kò tó, Tanke ní Ìlọrin àti Àgbọ̀wọ́ ní Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń sùn. Bí aláṣẹ yunifásítì ìjọba bá kọ̀, Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje péré ni òfin náà sì fún wọn láti fèsì. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí ẹ mọ̀wé kọ sí olówó fún àpéjẹ, ẹ kọ irú èyí náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ ní ọdún yìí, ẹ má ṣe san owó ilé kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé àdúgbò náà bí òru ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ má ṣe fi òkúta há ilẹ̀kùn ìta torí ọ̀rẹ́ tí ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá yà sí yín lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn mẹ́ta-mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀, tí ó ku àyè ẹnì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Bí wan-ṣáàǹsì ṣe ń gbé ènìyàn nìyẹn, àwọn tí ó dà bí èrò ni olè fúnra wọn. Kí ẹnì kan nílé máa mọ ibi tí ẹ lọ àti ẹni tí ẹ lọ bá. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ẹ ti kọ ọ́ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

A sì bẹ àwọn tí wọ́n ti wà ní yunifásítì ṣáájú yín, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àdúgbò wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi, láìdárúkọ ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa kí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. A ó fi ojú ewé méjì sílẹ̀ fún un.