Ìṣọ̀kan Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tú Ká

Ó wu àwọn ọ̀dọ́ kan láti máa fọkàn yàwòrán ayé kan tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Ọsirélíà ti para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Kò burú, àmọ́ èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ìṣọ̀kan àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ dé ìdajì ká tó tú u ká.

Ẹ bi àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Òde wò. Ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ onihò tí wọ́n fi ń nájà níbí náà ni wọ́n ń ná ní Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Ọdún 1912 ni wọ́n ti dá àjọ tó ń bójú tó owó náà sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan náà wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1946, ọkọ̀ òfurufú náà di ti gbogbo wa.

Òmìnira wá dé, kálukú ní òun fẹ́ owó tòun. Gánà ṣe tiẹ̀ ní 1958, Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1959.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: òyìnbó ló kọ́ ilé yẹn, ìbọn ló sì fi kọ́ ọ. Ṣé Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ní 1892, ní Ìmàgbọn, ìbọn ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà òwò tí a tì. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ló kọ́ ọ? Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé èèyàn kì í pa software tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́ torí pé ìkà ló kọ ọ́. Ńṣe la máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká tún un kọ.

Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ ni, òfin àjèjì wo ni Busia ìbá fi lé àwọn oníṣòwò Yorùbá kúrò ní Gánà ní 1969, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré? Òfin wo ni àwa náà ìbá fi lé àwọn ará Gánà ní 1983, tí báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù fi ń jẹ́ “Ghana Must Go” títí dòní?

WAEC ló ṣẹ́kù. Láti 1952 ni ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde àti ọmọ Kumasi ti ń ṣèdánwò lábẹ́ àjọ kan náà, kò sì sí ààrẹ tó ní ìyẹn bu òun kù. Kí ló wá dé tí ECOWAS fi ń sún ọjọ́ owó Eco síwájú láti ọdún yìí dé ọdún yẹn? Ẹ má bi òyìnbó. Àwọn tí à ń dìbò fún ni kẹ́ ẹ bi.