Ibo Ni Ọkọ̀ Yín Ti Ń Mí?

Ní ọjọ́ kan nínú òjò èṣí, nígbà tí omi ti gba ojú ọ̀nà Lẹ́kí kanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò lè sọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò ìyàwó mi, ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ra jíìpù tòkunbọ̀ kan tó ga fíofío tó sì dúdú bí kóró iṣin, rí àwọn onídánfó tí wọ́n páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n káwọ́ gbera, ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì sáré wọ inú omi. Kò tíì dé ìdajì ibẹ̀ tí ọkọ̀ fi hó lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ṣáná sí i, kò dáhùn. Ó tún ṣáná sí i, nǹkan kan dún kọ̀ọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́ọ̀kì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó tẹ̀ mí láago ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí mà ga o! Omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orókún."

Gbólóhùn yẹn ni ó mú mi gbé gègé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé àìmọye ènìyàn ni ó ti tìtorí rẹ̀ ra jíìpù lówó gegere, tí wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ti tóbi, tí ìjókòó sì ga débi pé a ń wo àtàrí àwọn ará yòókù láti òkè, omi ti di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Bí géńdé ga tó igi àràbà, tó bá dojú bolẹ̀ nínú àbàtà, omi tí kò mu ọmọdé kọjá orókún yóò pa á. Ọkọ̀ náà ní imú. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ń ná títì wa, ẹ̀yìn iná iwájú tàbí inú fẹ́ńdà ni imú náà fara pamọ́ sí, ó sì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju bí olówó ọkọ̀ ti lérò lọ.

Mímí rẹ̀ kì í sì í ṣe mímí kékeré. Ẹ́ńjìnnì oní-lítà méjì tó bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan a máa fa afẹ́fẹ́ tó súnmọ́ lítà 2,000 sínú láàárín ìṣẹ́jú kan náà, èyí tí í ṣe ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà ogún, irú èyí tí a fi ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Ohun tó ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ mí kò ní dúró dìgbà tí omi bá bo imú rẹ̀ tán. Ìgbì kan ṣoṣo tó bá ta sí ẹnu ihò náà ti tó.

Iṣẹ́ písítìn ni láti gun òkè, kí ó sì fún afẹ́fẹ́ mọ́ àlàfo tóóró kan lókè sílíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù oní-lítà méjì tó ní sílíńdà mẹ́rin, àlàfo yìí kò ju ohun tí omi ṣíbí ìjẹun méjì yóò kún lọ. Ti pẹtiróòlù lè gba bíi mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún bí òwú, ṣùgbọ́n omi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fún òun. Nígbà tí písítìn bá gbéra tagbáratagbára tó sì kan omi tó kọ̀ tí kò yẹ̀, irin tó so ó mọ́ kíráńkì ni yóò tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tàbí kí ó já, kí ó sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde bí ẹni lu ìkòkò. Ògún Lákáayé tó ni gbogbo irin, omi ṣíbí méjì ni ó ń dá a dúró!

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè kú sínú omi kí nǹkan kan má tíì tẹ̀. Nígbà náà ni a lè wí bí àwọn àgbà ti ń wí, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹni tó bá tún ṣáná sí i, òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ la agbè mọ́lẹ̀. Kí a tì í jáde, tàbí kí a fà á. Kí mẹkáníìkì tú plọ́ọ̀gì kúrò, tàbí ínjẹ́tọ̀ bó bá jẹ́ ti dísù, kí ó sì yí ẹ́ńjìnnì kí omi lè tú jáde lójú ihò wọ̀nyí. Kí ó wo fílítà bóyá ó ti rin, kí ó sì fa géèjì ọ́ìlì yọ, nítorí ọ́ìlì tó bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu kò gbọdọ̀ sùn nínú ẹ́ńjìnnì mọ́jú.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọ igbó àti odò ní ilẹ̀ Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà ti wá nǹkan ṣe sí i tipẹ́: ọ̀pá gbọọrọ kan tó gùn láti fẹ́ńdà dé ẹ̀gbẹ́ òrùlé ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní snorkel, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tún fẹ́ràn nítorí eruku. Ara ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni a ti yá orúkọ náà. Àwọn ará Holland ti ń lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kí Jámánì tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1940. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun sì gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn ni wọ́n ti fa imú rẹ̀ sókè kí ó lè la omi òkun já dé orí iyanrìn.

Ohun rere ni, bí a bá ṣe é bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà fún ẹwà bí ìlà ojú, tí kò sí ihò kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo rí èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ ń jò. Mo sì rí èyí tí ihò tí omi fi ń dà nù nísàlẹ̀ àpótí fílítà là sílẹ̀ gbayawu nítorí pé rọ́bà tó yẹ kó pa á dé ti ya. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdánwò rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọ̀pá náà pinpin, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, òótọ́ ni ó ń ti ibẹ̀ mí, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ibòmíràn ni ó ti ń mí, ibẹ̀ náà ni omi yóò sì gbà wọlé.

Ọ̀pá kò sì sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ojú omi. Land Rover Defender àtijọ́, tó dúró bí odi ìlú, omi 500 mílímítà péré ni àwọn tó ṣe é fún un láṣẹ láti là kọjá. Ti tuntun tó jáde ní 2020 ni ó dé 900. Ti Ford Ranger òde òní jẹ́ 800. Gíá àti dífù náà ní ihò tí wọ́n fi ń mí, wáyà iná sì wà níbi gbogbo. Ará Ìbàdàn tó bá rí odò Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò nílò kí n sọ fún un pé omi tó ń ṣàn a máa gbé ọkọ̀ lọ tòun timú. Níbi tí omi bá ti dúró sójú kan, tó sì mọ níwọ̀n, kí a fi gíá kìíní rọra lọ láì dúró, ìgbì kékeré kan a máa ṣáájú ọkọ̀, omi ẹ̀yìn rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ níbi tí imú wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tó ń bí mi nínú jùlọ ni awakọ̀ tírélà tó mọ̀ pé imú tòun wà lókè réré, tó wá ń sáré kọjá nínú omi kan náà, tí ìgbì rẹ̀ sì ń rọ́ lu gbogbo ẹni tó ń rọra lọ.

Ní ti àbúrò ìyàwó mi, ọjà Ládípọ̀ ni wọ́n ti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn fún un, ó sì fi oṣù méjì wọ dánfó pẹ̀lú àwọn tó ti fi rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ohun tí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un fi hàn án ní ọjọ́ tó rà á. Ó ní ó fi awọ ìjókòó hàn òun, ó fi rédíò hàn òun, ó sì fi bí òrùlé ṣe ń ṣí tó ń pa dé hàn òun. Òun nìkan kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Ẹni tó bá ń ta jíìpù ní ìlú olómi bí Èkó tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi imú ọkọ̀ han oníbàárà, ìdajì ọjà ni ó tà.

Òjò oṣù kẹsàn-án ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi ìka tọ́ ibi tí ọkọ̀ yín ti ń mí, kí ẹ sì dúró tì í, kí ẹ wò ó bóyá ó ga ju orókún yín lọ.